RỌ́KẸ́Ẹ̀TÌ NÍNÚ KÍLÁÀSÌ? Ẹ MÁ SÁ O, OMI PÍỌ̀ WỌ́TÀ LÓ WÀ NÍNÚ Ẹ̀!

Bí ọmọ kan bá ti ilé-ìwé dé n'Íkòtún lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó ju báàgì sórí àga, tó wá ní, "Mọ́mì, tíṣà físíìsì wa ní a máa ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì ní kíláàsì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n ní ká mú ike Coke kọ̀ọ̀kan dání," kò sẹ́ni tí kò mọ èsì tí ìyá ẹ̀ máa fọ̀. "Rọ́kẹ́ẹ̀tì kẹ̀? Ta lẹ fẹ́ẹ́ bá jagun? Mi ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ mọ́!" Bí bàbá náà bá wà nílé, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé òun ló máa kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí yóò máa béèrè bóyá bọ́ǹbù ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí.

Kò yẹ kẹ́nikẹ́ni bá wọn wí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Àwọn tó ti pẹ́ ní Alímòṣọ́, láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá, láti Ìdímù títí wọ Ìgàndò, kò tíì gbàgbé ọjọ́ Àìkú kan báyìí, ọjọ́ 27, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2002. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni àwọn ohun ìjà tí wọ́n kó pamọ́ sí bárékè àwọn ṣọ́jà n'Íkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù-gbàmù. Fèrèsé ń fọ́ nílé tó jìnnà réré, ojú ọ̀run pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ bóyá ogun ló dé ni àbí àwọn ṣọ́jà ló tún fẹ́ẹ́ gbàjọba. Èèyàn tú jáde, ìyá ò mọ ọmọ, ọmọ ò mọ ìyá. Inú òkùnkùn yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn obìnrin àtàwọn ọmọdé, sá kó sínú kánáàlì Òkè-Àfà, nítorí pé ewéko ti bo ojú omi náà, wọn ò sì mọ̀ pé omi ló wà níwájú. Àwọn tó kú lálẹ́ ọjọ́ náà lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Púpọ̀ nínú wọn, omi ló gbé wọn lọ, kì í ṣe bọ́ǹbù. Òkè-Àfà yẹn ò sì jìnnà sí Ìkòtún rárá, ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Ìkòtún gba Èjìgbò lọ sí Ìṣọlọ̀ á kọjá níbẹ̀.

Kò tíì pé ọdún márùn-ún sígbà yẹn tí iná tún fi sọ n'Ábúlé-Ẹ̀gbá, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ọjọ́ 26, oṣù kejìlá, ọdún 2006. Àwọn olè ló lu páìpù epo, làwọn èèyàn bá gbé kẹ́ẹ̀gì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ gbọ́n bẹntiróòlù. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún èèyàn ló jóná níbẹ̀, àwọn mìíràn jó débi pé ẹbí wọn ò dá wọn mọ̀ mọ́. Ẹ tún wá fi ti báńgà kún un, èyí táwọn ọlọ́pàá sábà máa ń kìlọ̀ lé lórí bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé. Ta ló wá fẹ́ẹ́ gbọ́ "rọ́kẹ́ẹ̀tì" ládùúgbò bẹ́ẹ̀ tí àyà ẹ̀ ò ní já?

Ohun tó yẹ kó yé gbogbo òbí ni pé rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ò ní ẹ̀tù nínú. Kò sí kẹrosíìnì níbẹ̀, kò sí bẹntiróòlù, wọn ò sì ní ṣá ìṣáná kankan sí i. Omi lásán ni, àti afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi póńpù fẹ́ sínú ike. Síbẹ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì gidi ni o. Òfin kan náà tó ń gbé e fò ló gbé àwọn ará Amẹ́ríkà dé orí òṣùpá lọ́dún 1969.

Isaac Newton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ òfin náà sínú ìwé lọ́dún 1687. Gbogbo ọmọ SS tó ń ka físíìsì ló lè kà á lórí bí orin: bí nǹkan bá ti nǹkan kejì, ìkejì náà á ti í padà pẹ̀lú agbára kan náà, sí ìhà òdìkejì. Wọ́n á kà á, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìdánwò, wọ́n á sì gbàgbé ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdẹ tí kò wọ ilé-ìwé rí mọ̀ ọ́n ju ti wọn lọ, èjìká ẹ̀ ló fi mọ̀ ọ́n. Bó bá yin ṣakabùlà, tí ọta jáde lọ síwájú, ìdí ìbọn á ta á sẹ́yìn. Àwọn tó ń fọ mọ́tò l'Ákọ́wọ́njọ náà mọ̀ ọ́n, torí bí omi bá ń tú yàà lẹ́nu họ́ọ̀sì, họ́ọ̀sì ọ̀hún á fẹ́ẹ́ já gbà lọ́wọ́ wọn. Kódà, fèrè onírọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ níbi ọjọ́ ìbí, bí ọmọdé bá fẹ́ ẹ tán tó jù ú sílẹ̀ láìso ẹnu ẹ̀, á fò káàkiri pálọ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ni fèrè yẹn. Ohun tí kò ní ni ìyẹ́ tí yóò máa darí ẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ike náà kò le. Wọ́n á rọ omi díẹ̀ sí i, wọ́n á fi kọ́ọ̀kì dí ẹnu ẹ̀ pinpin, wọ́n á dojú ẹ̀ dé, wọ́n á wá máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Afẹ́fẹ́ á máa há mọ́ra wọn nínú ike, bí èrò inú mólúè tí kọ̀ndọ́ ò yéé kó sí i. Nígbà tí kọ́ọ̀kì ò bá lè dì í mú mọ́, á yọ gbàù, omi á tú jáde lọ sísàlẹ̀, ike á sì gba òkè lọ.

Àwọn ọmọ tí orí wọn pé á béèrè pé kí wá ni wọ́n ń fi omi ṣe, ṣé afẹ́fẹ́ nìkan ò tó ni? Ìbéèrè yìí dáa ju gbogbo nóòtì tí wọ́n lè dà kọ lójú bọ́ọ̀dù lọ. Èèyàn tó bá dúró sínú ọkọ̀ ojú omi kékeré, tó ju ìyẹ́ adìẹ kan sẹ́yìn, ọkọ̀ ò ní mira. Bó bá jẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì ló jù sẹ́yìn, ọkọ̀ á sún síwájú. Afẹ́fẹ́ fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìẹ yẹn, omi ló wúwo bíi sìmẹ́ǹtì. Nítorí náà, omi ni ẹrù tí wọ́n ń jù, afẹ́fẹ́ tó há ni ọwọ́ tó ń jù ú. Bí omi bá wá kún ike dẹ́nu, kò ní sáyè fún afẹ́fẹ́, ọwọ́ tó máa ju ẹrù ò sí nìyẹn. Ike á kàn wúwo síbẹ̀ ni, á da omi sílẹ̀ bí ìkòkò tó jò.

Ìdá kan nínú mẹ́ta ni omi tó bá a mu jù, tàbí kó dín díẹ̀. Ibí yìí ni ìlú Èkó ti ṣe ìṣirò sílẹ̀ de àwọn ọmọ láìmọ̀. Ike Coke ńlá tó jẹ́ lítà kan ààbọ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ jẹ́ sẹ̀ńtílítà 50. Kí ló sì wà nínú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan? Sẹ̀ńtílítà 50 géérégé ni wọ́n kọ sára púpọ̀ nínú wọn. Kí wọ́n fi eyín já etí ọ̀rá kan, kí wọ́n dà á sínú ike, ó parí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ike ló ṣeé lò o. Ike ohun mímu onígáàsì nìkan ni, torí wọ́n ti ṣe é kó lè gba gáàsì tó ń tì í látinú. Ike omi tútù tó rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí wọ́n bá fún un lọ́wọ́, kò lágbára yẹn. Ẹlòmíràn á ní ṣé bí ti ike bá ni, ṣebí ike kún ààtàn Solous n'Ígàndò, kí wọ́n lọ ṣà á níbẹ̀. Rárá o! Ike tí oòrùn ti pa, tí òkúta ti ha lára, tí mọ́tò ti gùn, ti di ohun tó lè ya lójijì. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tán, tí ara ẹ̀ ń dán, ni kí wọ́n mú. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ fi super glue lẹ nǹkan mọ́ ọn tàbí fi iná yọ́ ọ, torí ìyẹn á sọ ibi tó bá kàn di aláìlágbára. Sẹ́lótéèpù ló dáa.

Àwọn nǹkan yòókù kò wọ́n. Wọ́n á wá kọ́ọ̀kì ìgò waìnì kan, tàbí kọ́ọ̀kì onírọ́bà inú láàbù kẹ́mísìrì bí ilé-ìwé bá ní in. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fẹ́ bọ́ọ̀lù gún un láàárín já sódì kejì, kó má sí àyè tí afẹ́fẹ́ lè gbà jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Wọ́n á so rọ́bà gígùn mọ́ abẹ́rẹ́ náà, mítà márùn-ún ó kéré tán, póńpù á sì wà lódì kejì. Rọ́bà gígùn yìí kì í ṣe fáàrí. Òun ni kò ní jẹ́ kí ẹni tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wà nítòsí ike.

Ìyẹ́ ló kù. Páálí Indomie ṣe é dáadáa. Ìyẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n á gé dọ́gba, wọ́n á lẹ̀ wọ́n mọ́ apá ẹnu ike, níbi tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni yóò wà bí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá dúró. Bí wọ́n bá gé e kó gùn kọjá ẹnu ike, ìyẹ́ náà ló máa di ẹsẹ̀ tí rọ́kẹ́ẹ̀tì fi dúró bí àpótí ìjókòó. Páálí tí wọ́n ká ṣóńṣó ni imú ẹ̀ lókè, kí wọ́n sì ki amọ̀ díẹ̀ tàbí ìwé tí wọ́n rún mọ́ra sínú imú náà kó lè wúwo.

Ìwúwo imú yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò kà sí, òun ló sì máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Àwọn tó ń ṣe ọfà láyé àtijọ́ mọ àṣírí ẹ̀: irin tó wúwo níwájú, ìyẹ́ tó fúyẹ́ lẹ́yìn. Bí wọ́n bá pa á dà, ọfà á máa yí gbirigbiri lófuurufú. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń dán an wò kí wọ́n tó jáde sí pápá dùn mọ́ ọmọdé. Wọ́n á gbé ike tí kò tíì ní omi nínú lé ìka kan títí wọ́n á fi mọ ibi tó ti dọ́gba, wọ́n á so okùn mọ́ ibẹ̀, ẹnì kan á wá jù ú yí orí ara ẹ̀ bíi kànnàkànnà, tí àwọn yòókù á sún sẹ́yìn. Bí imú bá ń ṣíwájú nínú yíyí náà, rọ́kẹ́ẹ̀tì á fò tààrà. Bó bá ń fi ìdí ṣíwájú, tàbí tó ń ṣe ségesège, kí wọ́n fi amọ̀ kún imú tàbí kí wọ́n gé ìyẹ́ tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí kíláàsì tó há jù fún èyí, bí wọ́n bá lè ti àga sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ìdánwò kejì tún wà tí tíṣà ò gbọdọ̀ fò. Kí wọ́n kọ́kọ́ rọ omi kún ike náà dẹ́nu bámúbámú, kí wọ́n sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀. Omi kì í há mọ́ra bí afẹ́fẹ́, kì í tọ́jú agbára pamọ́. Bí ike ọ̀hún bá ní àléébù, á kàn ya ni, omi á sì ṣàn sílẹ̀, kò ní bú. Irú ìdánwò yìí náà ni wọ́n ń ṣe fún sílíńdà gáàsì.

Inú kíláàsì ni wọ́n ti ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ìta ni wọ́n ti ń yìn ín. Pápá bọ́ọ̀lù ló dáa, kó má sí wáyà NEPA lókè, kó má sì jẹ́ ẹ̀bá títì táwọn ọlọ́kadà ti ń kọjá. Ní Alímòṣọ́ tí ilé fara kan ilé yìí, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà, torí kì í ṣe gbogbo ilé-ìwé ló ní pápá. Èyí tí kò bá ní, kó lọ bẹ aládùúgbò rẹ̀ tó ní i. Àwọn ọmọ á dúró jìnnà, mítà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹni tó ń fẹ́ póńpù á fi gíláàsì bo ojú. Kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ wo ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ ti wà nínú ẹ̀. Bí kọ́ọ̀kì bá kọ̀ tí kò yọ, kí wọ́n má ṣe lọ síbẹ̀ láti lọ mì í. Kí wọ́n yọ ẹnu rọ́bà kúrò lára póńpù níbi tí wọ́n wà yẹn, afẹ́fẹ́ á sì bá inú rọ́bà jáde pẹ̀lú omi. Póńpù tó ní géèjì ló dáa jù. Bó bá ti tó iye tí fọkanáísà ń fẹ́ sí táyà mọ́tò kékeré, ìyẹn bí 30, kí wọ́n dáwọ́ dúró. Kọ́ọ̀kì tí wọ́n kì bó ṣe yẹ sábà máa ń yọ kó tó débẹ̀.

Ẹ̀mẹ́wàá sí ogún ni wọ́n á tẹ póńpù. Gbogbo èèyàn á dákẹ́. Lójijì, fùúù! Omi á fọ́n sílẹ̀ bí òjò, ẹni tó dúró sí ìsúnmọ́ á tutù jìnnìjìnnì, ike á sì ti ga ju òrùlé ilé alájà méjì mẹ́ta lọ kójú tó bá a. Ẹni tí kò bá pariwo níbẹ̀, àyàfi kó jẹ́ pé ó ti sùn.

Ariwo yẹn ni tíṣà gidi fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Báwo ló ṣe ga tó? Wọn ò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n mú protractor inú mátísẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n so òwú tó ní òkúta kékeré nídìí mọ́ àárín ẹ̀. Ọmọ kan á dúró sí mítà 20 sí ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì wà, á fojú tẹ̀ lé e lórí etí protractor náà títí dé ibi tó ga dé, ẹnì kejì á ka ibi tí òwú gbé dúró. Bí igun náà bá jẹ́ dígírì 45, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 20, wọ́n á wá fi gíga ojú ọmọ náà kún un. Bó bá jẹ́ dígírì 50, tangent rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1.19, ó di mítà 23.8. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń béèrè lọ́wọ́ tíṣà ìṣirò pé kí ni wọ́n máa fi sine àti cosine àti tangent ṣe láyé yìí. Ó dájú pé ọmọ tó ń du bóyá ike tiẹ̀ ló ga jù kò ní béèrè ìyẹn lọ́jọ́ náà.

Kí wọ́n wá yìn ín láìní omi, kí wọ́n yìn ín pẹ̀lú ìdajì ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ọ̀rá kan, ọ̀rá kan ààbọ̀, ọ̀rá méjì, kí wọ́n máa kọ gíga wọn sílẹ̀. Bí wọ́n bá yà á sórí gíráàfù, á gòkè, á sì tún sọ̀ kalẹ̀ bí òkè. Orí òkè yẹn ni iye omi tó dáa jù wà. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn, àwọn fúnra wọn ló wá a rí.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí wọn ò kúkú ṣe oníẹ̀tù bíi tàwọn òyìnbó. Ìtàn àwọn òyìnbó náà ló dá wọn lóhùn. Nígbà tí ìjọba Soviet ju Sputnik sókè ní ọjọ́ 4, oṣù kẹwàá, ọdún 1957, gbogbo ọmọkùnrin Amẹ́ríkà ló fẹ́ẹ́ ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Wọ́n ń ki orí ìṣáná àti oríṣiríṣi kẹ́míkà sínú páìpù onírin. Àwọn kan pàdánù ìka, àwọn mìíràn pàdánù ojú, ó sì pa nínú wọn. Ọkùnrin kan tó ń ta bàtà ní ìlú Norfolk ní Nebraska, Orville Carlisle, òun àti Robert arákùnrin rẹ̀, ló ti ronú ọ̀nà mìíràn lọ́dún 1954: ara rọ́kẹ́ẹ̀tì á jẹ́ páálí, ilé-iṣẹ́ ni yóò máa di ẹ̀tù náà, ọmọdé ò ní fọwọ́ kàn án. G. Harry Stine, tó mọ iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì àwọn ológun, gbé e di òwò lọ́dún 1957, ó sì ṣe òfin ààbò sí i. Vern Estes ló wá kan ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì kéékèèké náà lọ́pọ̀ yanturu. Ohun tó gba àwọn ọmọ náà là ni pé wọ́n gba ẹ̀tù kúrò lọ́wọ́ wọn. Orílẹ̀-èdè yìí ní òfin ohun abúgbàù láti ọdún 1964, kì í sì í ṣe ohun tí tíṣà kan lè lọ rà l'Ọ́jà Ìkòtún kó kó o wọ kíláàsì. Omi ò nílò ìwé àṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì máa dun Nàìjíríà gan-an, torí orílẹ̀-èdè yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdí ẹ̀. Ìlú Kano ni ọ̀kan nínú àwọn ibùdó tí Amẹ́ríkà fi ń bá àwọn tó lọ sójú òfuurufú sọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí John Glenn yí ayé po lọ́dún 1962, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀. Èyí tó tún jọ èèyàn lójú ni ti Èkó níbí. Ọjọ́ 23, oṣù kẹjọ, ọdún 1963, Ààrẹ Kennedy wà ní Washington, Olórí ìjọba Abubakar Tafawa Balewa wà nínú ọkọ̀ ojú omi Kingsport tó gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó, àwọn méjèèjì sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù látorí sátẹ́láìtì Syncom 2. Àwọn olórí ìjọba méjì ò tíì fi irú sátẹ́láìtì bẹ́ẹ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀ rí láyé.

Láti ìgbà yẹn, ọkọ̀ ẹlòmíràn ni Nàìjíríà ń wọ̀. Ọdún 1999 ni wọ́n dá àjọ NASRDA sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ní Surrey nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe NigeriaSat-1, rọ́kẹ́ẹ̀tì Rọ́ṣíà ló sì gbé e lọ ní ọjọ́ 27, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2003. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Ṣáínà ló gbé NigComSat-1 lọ́dún 2007. Iná ẹ̀ kú lọ́dún 2008, wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò ẹ̀ lọ́dún 2011. Lọ́dún 2017, yunifásítì FUTA l'Ákùúrẹ́ bá àwọn ará Japan ṣe NigeriaEduSat-1, sátẹ́láìtì kékeré kan, ti SpaceX Amẹ́ríkà ló gbé ìyẹn. Kò tíì sí èyí tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ yìí gbé nínú gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀, Ẹ̀pẹ́ tó jẹ́ ìpínlẹ̀ Èkó kan náà pẹ̀lú Alímòṣọ́ ni àjọ náà fi ibùdó tó ń ṣiṣẹ́ lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì sí.

Àwọn tó bá fẹ́ẹ́ rẹ́rìn-ín á rántí Edward Makuka Nkoloso, tíṣà sáyẹ́ǹsì ní Zambia, tó sọ lọ́dún 1964 pé òun máa kó ọmọ Áfíríkà lọ sínú òṣùpá. Ó ń ki àwọn tó ń kọ́ níṣẹ́ sínú dúrọ́ọ̀mù epo, ó ń yí wọn láti orí òkè sísàlẹ̀ kí ara wọn lè mọ́ ọn. Àwọn oníròyìn òyìnbó rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tún wo Áfíríkà kan náà lọ́dún 2015, nígbà tí àwọn ará Yunifásítì Cape Town yin rọ́kẹ́ẹ̀tì olómi tó lọ sókè tó mítà 830, tí orúkọ wọn fi wọ ìwé Guinness. Omi àti afẹ́fẹ́ ni o! Ohun tí wọ́n fi ṣe ara tiwọn ló le ju ike Coke lọ, afẹ́fẹ́ tiwọn sì há ju ti póńpù kẹ̀kẹ́ lọ fíìfíì. Kí ọmọdé kankan má dán ìyẹn wò.

Ìjọba ìbílẹ̀ Alímòṣọ́, àwọn tí wọ́n kà níbẹ̀ lọ́dún 2006 lé ní mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún. Ọmọ pọ̀ níbẹ̀ bí omi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ka físíìsì látorí bọ́ọ̀dù dé inú nóòtì, láìfọwọ́ kan ohunkóhun. Àwọn tó bá tún ìdánwò WAEC ṣe níta, ìwé tí wọ́n ń pè ní "Alternative to Practical" ni wọ́n ń fún wọn: wọ́n á ya àwòrán ohun èlò sínú ìwé, ọmọ á máa dáhùn bí ẹni pé òun ti lò ó. Ó dà bí kí wọ́n máa fi fọ́tò àmàlà kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń ro àmàlà. Tíṣà náà kọ́ ló jẹ̀bi, ẹni tí kíláàsì ẹ̀ kún dẹ́nu ọ̀nà, tí láàbù ẹ̀ ò ní ju kọ́kọ́rọ́ lọ. Àmọ́ ike kan, ọ̀rá omi kan àti póńpù kan kò ní kó dúró de ìjọba.

Èyí tó máa gbà á lákòókò ni kó múra ọkàn àwọn èèyàn sílẹ̀. Kó kọ lẹ́tà sáwọn òbí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kó sì má kọ "rọ́kẹ́ẹ̀tì" sí i lásán, kó kọ ọ́ pé omi ni. Kó lọ rí alága àwọn onílé ládùúgbò, kó sọ ọjọ́ àti aago fún un, torí lágbègbè tó gbọ́ ìró bárékè Ìkẹjà, "gbàù" kan ṣoṣo lè lé odidi òpópónà jáde. Kó pe àwọn ìyá tí ẹ̀rù ń bà jù, kó fún wọn ní àga níwájú, níbi tí omi ò ní dé. Kó sì pe fọkanáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ilé-ìwé, kó gbé géèjì ẹ̀ dání. Nínú gbogbo àwọn tó máa wà lórí pápá lọ́jọ́ náà, bóyá ni ẹnikẹ́ni á mọ ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tó há tó o. Ojoojúmọ́ ló ń bá a ṣe é, ó mọ táyà tó fẹ́ẹ́ bẹ́ látorí ìró rẹ̀ lásán. Òun gan-an ló yẹ kí wọ́n fún ní póńpù.